Àgbàdo Ìsẹ́yìn, àgbàdo Kàdúná: iye òjò kan náà, ìgbà òjò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbẹ̀ ni mí ní Ìsẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ń gbin àgbàdo lọ́dún: ti àkọ́rọ̀ ní oṣù kẹrin, ti àrọ̀kúrọ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ. Àbúrò mi tí ó ń gbé ní Kàdúná ti bá mi gba ilẹ̀ éékà mẹ́wàá ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó lọ sí Zaria. Mo kà á níbì kan pé iye òjò tí ó ń rọ̀ ní Kàdúná lọ́dún kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ̀ wa. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àbúrò mi fi sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbin àgbàdo níbẹ̀, tí ó sì ní kí n má ṣe fọwọ́ kan irúgbìn ṣáájú ìparí oṣù karùn-ún? Tí mo bá gbìn ín pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣé ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù kẹjọ kò ní bá a lórí ìdúró? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé mi kí n tó kó owó lé ilẹ̀ náà lórí.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́ oko, bàbá. Àroko bọ́dún dé o. Àbúrò yín kò tàn yín, ohun tí ẹ kà náà kì í sì í ṣe irọ́. Nǹkan bí 1,100 sí 1,250 mílímítà òjò ni ó ń rọ̀ ní Ìsẹ́yìn lọ́dún, ti agbègbè Kàdúná kò sì jìnnà sí i. (Mílímítà kan ni pé kí líítà omi kan bọ́ sórí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà kan tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan.) Ṣùgbọ́n àpapọ̀ òjò ọdún kan kò tó ohun tí àgbẹ̀ lè fi ṣe ìpinnu. Ilé méjì lè ní iye owó kan náà láti ná lọ́dún, kí ó máa tẹ ọ̀kan lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù méje tàbí mẹ́jọ, kí èkejì sì gba gbogbo tirẹ̀ láàrin oṣù márùn-ún, kí ó wá fi àwọn oṣù tí ó kù wo ojú ọ̀run. Ìsẹ́yìn ni ilé àkọ́kọ́, Kàdúná sì ni ilé kejì.

Nítorí náà, kí n kọ́kọ́ fún yín ní èsì tí ẹ béèrè kí n tó ṣàlàyé. Ẹ má ṣe gbin àgbàdo lórí ilẹ̀ yẹn ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin. Àkókò tí ó dára jù lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí oṣù karùn-ún títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta nínú oṣù kẹfà. Ní ti ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù kẹjọ tí ẹ ń bẹ̀rù, kò sí i níbẹ̀: oṣù kẹjọ gan-an ni òjò ń pọ̀ jù lọ ní Kàdúná.

Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń pín ọdún láàrin ara wọn ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó sì ru omi. Èkejì ń ti aginjù Sàhárà wá láti àríwá ìlà-oòrùn, ó gbẹ, ó sì ru eruku, òun ni a mọ̀ sí ọyẹ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé kì í dúró lójú kan. Ní oṣù kìíní, ó máa ń sún mọ́ etí òkun, èyí ni ó fi jẹ́ pé ọyẹ́ lè fẹ́ dé Èkó. Láti ìgbà náà ni yóò ti máa tẹ̀lé oòrùn lọ sí òkè, ìyẹn ìhà àríwá, díẹ̀díẹ̀, tí yóò fi kọjá ẹnubodè Nàìjíríà wọ inú Sàhárà ní oṣù kẹjọ, kí ó tó yí padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé òjò kì í rọ̀ ní ojú ibi tí afẹ́fẹ́ méjèèjì ti pàdé. Afẹ́fẹ́ òkun kò nípọn níbẹ̀. Ṣe ni ó wọ abẹ́ afẹ́fẹ́ aginjù bí ẹnu àáké ṣe ń wọ igi, kò sì ga tó ohun tí ìkúukùu òjò lè dúró lé. Ó di ìgbà tí ojú ibi ìpàdé náà bá ti kọjá ìlú kan lọ sí òkè ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà kí afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin tó nípọn lórí ìlú náà, kí òjò tó lè máa rọ̀ déédéé.

Bí a bá fi gúúsù sí àríwá wọ̀n ọ́n, ilẹ̀ yín tuntun fi nǹkan bí 300 kìlómítà jìnnà sí òkun ju Ìsẹ́yìn lọ. Kò sí ohun mìíràn tí ó fa ìdádúró òjò níbẹ̀. Ní ìgbà tí àgbàdo yín ní Ìsẹ́yìn bá ti yọ ewé mẹ́rin, afẹ́fẹ́ òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Kàdúná ni, ó sì ṣì fẹ́lẹ́. Ooru á máa mú, ara á máa làágùn, ìkúukùu á ṣú ní ìrọ̀lẹ́, àrá á sán, ilẹ̀ á sì mọ́ láìsí òjò tí ènìyàn lè gbára lé. Àwọn Hausa ya àkókò ooru yìí sọ́tọ̀, wọ́n ń pè é ní bazara, kí dàmínà tí í ṣe ìgbà òjò gan-an tó dé. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì dáadáa, nítorí àwọn aládùúgbò yín yóò máa fi wọ́n bá yín sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sì sọ pé bazara ni a ṣì wà, kí ẹ má ṣe gbé irúgbìn jáde.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún àgbẹ̀ láti ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí òjò ńlá kan bá rọ̀ ní Kàdúná ní ìparí oṣù kẹrin, tí erùpẹ̀ sì ń ta sánsán. Bí ọ̀rọ̀ mi ṣe rí nìyẹn ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo fi ṣiṣẹ́ ní agbègbè Zaria. Òjò méjì tí ó lágbára rọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, mo gbin àgbàdo sí ẹ̀yìnkùlé, ó hù dáadáa, lẹ́yìn náà ni oòrùn là fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún láìsí ẹ̀kán omi kan. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ó yè. Irú àwọn òjò bẹ́ẹ̀ máa ń bá ìjì rìn, láti ìhà ìlà-oòrùn ni wọ́n ti ń ṣú wá, wọn kì í sì í fi hàn pé ìgbà òjò ti fìdí múlẹ̀. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn àgbẹ̀ ni pé kí wọ́n fi àdá wa ilẹ̀ wò lẹ́yìn òjò: bí ọ̀rinrin kò bá tíì wọ ilẹ̀ jìn tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì, tí òjò mìíràn kò sì tẹ̀lé e láàrin ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n dúró. Ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ fi dúró kò ní pa yín lára tó irúgbìn tí ẹ ó tún rà.

Ní ti oṣù kẹjọ, ohun kan náà tí ó ń fa ọ̀gbẹlẹ̀ yín ni ó ń fa àkúnya òjò tiwọn. Nígbà tí ojú ibi ìpàdé afẹ́fẹ́ bá ti lọ sí òkè pátápátá, agbègbè tí òjò ti ń rọ̀ jù lọ á tẹ̀lé e, á sì bọ́ sí orí Kàdúná, Zaria àti Kánò. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ yóò wá kù sí abẹ́ afẹ́fẹ́ òkun tí ó tutù, tí ìkúukùu rẹ̀ wà nílẹ̀, tí kì í ga tó láti di òjò ńlá. Òkun pàápàá tún máa ń tutù ní àkókò náà ní ìhà Gánà àti Ivory Coast, nítorí pé omi tútù láti ìsàlẹ̀ òkun máa ń rú wá sí òkè, èyí sì ń dín òjò kù ní gbogbo etí òkun ìhà wa. Ẹ ó rántí bí ojú ọjọ́ oṣù kẹjọ ṣe ń rí ní Ìsẹ́yìn: oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn, òjò wẹliwẹli lásán ni, òtútù díẹ̀ á sì wà. Ojú ọ̀run ṣú, ṣùgbọ́n kò sí omi tí ó wọlẹ̀. Nígbà tí òjò bá ń padà bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, yóò tún gba orí wa kọjá, òun ni àrọ̀kúrọ̀ tí ẹ fi ń gbin àgbàdo kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń gba orí Ìsẹ́yìn kọjá, ní àlọ àti ní àbọ̀. Ní Kàdúná, ibẹ̀ ni ó ti ń dé òpin ìrìn rẹ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń ga, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni wọ́n ń gbìn.

Kì í ṣe gbogbo gúúsù ni ó rí bí tiwa, kí ẹ má baà rò pé òkun ló ń pinnu ohun gbogbo. Ní Kalabá, níbi tí òjò ọdún kan ti ń sún mọ́ 3,000 mílímítà, ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù kẹjọ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí bí etí òkun ṣe tẹ̀ kọ ojú sí afẹ́fẹ́ àti nítorí àwọn òkè Kamẹrúùnù tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá sì kọjá Kútọnu lọ sí Lomé ní Tógò, etí òkun ni ẹ wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ibẹ̀ kì í tó 1,000 mílímítà lọ́dún, èyí tí ó kéré sí ti Kàdúná tí ó jìnnà réré sí omi. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ẹ ó bá níbi tí ẹ ti ń retí igbó.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ju ìbẹ̀rẹ̀ òjò lọ, òun ni òpin rẹ̀. Ojú ibi ìpàdé afẹ́fẹ́ máa ń rọra gòkè, ṣùgbọ́n eré ni ó ń sá padà. Òjò tí ó fi oṣù méjì rin ìrìn àjò láti Ìsẹ́yìn dé Kàdúná lè kúrò ní Kàdúná láàrin ọ̀sẹ̀ méjì péré. Títí di ìparí oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ á ṣì tutù; nígbà tí oṣù kẹwàá bá fi máa dé àárín, ó ti tán. Ọ̀dọ̀ wa ni oṣù kẹwàá ti ń jẹ́ Ọ̀wàrà nítorí ọ̀wàrà òjò. Ẹ má ṣe gbé orúkọ yẹn lọ sí Kàdúná. Bí ẹ bá gbin irúgbìn tí ó ń lo 110 sí 120 ọjọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, yóò gbó ní ìparí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí omi ṣì wà nínú ilẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó di oṣù keje kí ẹ tó gbìn ín, a jẹ́ pé irúgbìn tí ó ń gbó láàrin 90 ọjọ́ ni kí ẹ lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ inú ṣírí rẹ̀ kò ní yó. Ẹ má ṣe kó irúgbìn ilé lọ láìbéèrè. Iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Samaru, ní Zaria, wà nítòsí oko yín, wọ́n sì ti ń bá àwọn ará IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru ti àgbáyé tí ó wà ní Ìbàdàn, ṣiṣẹ́ lórí àgbàdo ilẹ̀ ọ̀dàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ lè máa wò ó pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kéré. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, tọkàntọkàn ni mo sì fi sọ ọ́: agbègbè Kàdúná àti Zaria wà lára ibi tí àgbàdo ti ń ṣe dáadáa jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe òjò nìkan. Oòrùn ni àgbàdo fi ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀, ìkúukùu kì í sì í bo ojú ọ̀run níbẹ̀ bí ó ti ń bò ó lọ́dọ̀ wa ní oṣù kẹfà àti oṣù keje. Òru ibẹ̀ tún tutù díẹ̀ ju ti wa lọ nítorí pé ilẹ̀ náà ga ní nǹkan bí 600 mítà ju òkun lọ, àgbàdo kì í sì í fi òru jó ohun tí ó fi ọ̀sán kó jọ dànù tó bẹ́ẹ̀. Àrùn ewé pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn níbi tí ọ̀rinrin kò ti pọ̀ lọ títí. Lórí éékà kan náà, tí ajílẹ̀ bá péye, ìkórè ẹ̀ẹ̀kan níbẹ̀ lè ju ti àkọ́rọ̀ yín lọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ náà ní ìgbà tirẹ̀. Òjò oṣù keje àti oṣù kẹjọ níbẹ̀ kì í rọra rọ̀; ó máa ń dà wìì fún wákàtí kan tàbí méjì, omi á sì máa sáré lórí ilẹ̀ kí ó tó ráyè wọlẹ̀. Bí ẹ bá da gbogbo yúríà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti fi ta odò lọ́rẹ. Ẹ pín in sí méjì, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí poro dábùú ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀, kí ó má ṣe tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀.

Ìkórè ni yóò dùn mọ́ yín jù. Ẹ mọ ìyà tí àgbàdo àkọ́rọ̀ fi ń jẹ yín ní Ìsẹ́yìn: ìparí oṣù keje ni ó ń gbó, afẹ́fẹ́ ṣì tutù, kò sí ibi tí ẹ ó sá a sí, ẹ ó sì tà á ní tútù kí ó má baà bu. Ní Kàdúná, nígbà tí àgbàdo bá gbó, ọyẹ́ ni ó ń bọ̀ lẹ́yìn òjò. Lórí ìdúró ni yóò ti gbẹ títí tí yóò fi máa dún nínú háhá rẹ̀, ẹ ó pa á, ẹ ó sì dì í sí àpò láìfi iná yá a. Olú tí ó máa ń hu lórí àgbàdo tí kò gbẹ, tí ó sì ń fi májèlé sínú oúnjẹ ènìyàn àti adìyẹ, kì í rí àyè tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ má kàn jẹ́ kí ó pẹ́ lóko ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé iná máa ń jó koríko gbígbẹ níbẹ̀ láti oṣù kọkànlá, ìgbà náà sì ni àwọn màlúù tí wọ́n tẹ̀lé òjò lọ sí òkè máa ń padà sọ̀ kalẹ̀ láti wá omi àti pòròpórò jẹ.

Bí àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò yín bá tún fi ilẹ̀ tí ó wà ní òkè sí i lọ̀ yín, ẹ tún ìṣirò yín ṣe. Ní Kánò, òjò ọdún kan wà ní nǹkan bí 850 mílímítà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sì máa ń rọ̀ ní oṣù kẹjọ nìkan. Irúgbìn ọlọ́jọ́ kúkúrú ni ibẹ̀ ń fẹ́. Ní Sókótó àti Màídúgùri, tí òjò wọn kò ju nǹkan bí 600 sí 700 mílímítà lọ, ọkà bàbà, jéró àti ẹ̀wà ni wọ́n gbójú lé, oòrùn oṣù kẹrin ibẹ̀ sì ń kọjá 40 dígírì Celsius. Bí òjò bá ṣe kéré tó ní ibì kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe é fọkàn tán láti ọdún dé ọdún. Ọ̀dá ọdún 1972 sí 1973 àti ti 1983 sí 1984 pa àwọn ìpínlẹ̀ òkè wọ̀nyí lára gidigidi, nígbà tí ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń rí oúnjẹ kó wọlé. Jos tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Kò jìnnà sí Kàdúná, ṣùgbọ́n ó ga ní nǹkan bí 1,200 mítà, òtútù òru oṣù kejìlá ibẹ̀ lè dé nǹkan bí 12 dígírì, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀dùnkún òyìnbó fi gba ibẹ̀ ju ibikíbi lọ.

Ẹ kò béèrè nípa oúnjẹ kejì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn yín. Ọ̀nà méjì ni ó wà. Ẹ lè gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo ní ìparí oṣù keje sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, tí yóò fi yọ òdòdó nígbà tí òjò ń lọ, tí yóò sì gbó nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ó bá a lára mu. Bí ilẹ̀ yín bá sì sún mọ́ odò, ẹ lè ṣe ohun tí à ń pè ní oko àkùrọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní fadama. Tòmátì, ata àti àlùbọ́sà ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ láti oṣù kọkànlá, òtútù òru ọyẹ́ ni ó sì ń jẹ́ kí tòmátì so dáadáa. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ èyí tí àwọn ará Èkó ń rà ní ọjà Mile 12 ni ó ti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá.

Ní báyìí, kí ẹ tó gbéra, ẹ ní kí àbúrò yín gbé agolo kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé sí gbangba lórí ilẹ̀ náà, kí ó máa fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ láràárọ̀, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹrin lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan ni àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, NiMet, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde nípa ọjọ́ tí wọ́n retí pé òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò dá ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ti Kàdúná àti ti Ọ̀yọ́ pa pọ̀. Ẹ ó rí i pé oko méjèèjì kò dí ara wọn lọ́wọ́. Ẹ ó gbin ti Ìsẹ́yìn ní oṣù kẹrin, ẹ ó sì ro ó; ìparí oṣù karùn-ún ni ẹ ó gòkè lọ gbin ti Kàdúná, ẹ ó fi ìròkọ́ àti ajílẹ̀ kejì parí iṣẹ́ ibẹ̀ ní àárín oṣù keje, ẹ ó sì padà sílé bá àgbàdo tútù. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ wọ́n ní Kàdúná ní oṣù kẹjọ, ẹ̀yin á máa palẹ̀ mọ́ fún àrọ̀kúrọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Oṣù kẹwàá ni ẹ ó tún gòkè lọ kórè, ti Ìsẹ́yìn kò sì ní gbẹ kí oṣù kejìlá tó dé.